Hámánì Òpópónà Pinder

Ẹ̀rín Kalmen Drobin kì í ṣe tirẹ̀. Ó jí i gbé ni. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi, n kò bà á lórúkọ jẹ́. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Poland, àwọn ọkùnrin kan já wọlé wọn lọ́sẹ̀ Àjíǹde, wọ́n sì fi àáké pa bàbá rẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ. Abẹ́ ibùsùn ni Kalmen wà. Kò rí ojú ẹnikẹ́ni, bàtà nìkan ló rí, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí ọ̀kan nínú wọn ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ìsàlẹ̀ ikùn ni ẹ̀rín náà ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, á wá há sọ́fun bíi ti ẹni tí omi pá lórí. Ẹ̀rín yẹn bá Kalmen wọ ọkọ̀ ojú omi, ó bá a dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì bá a wọ òpópónà Pinder ní Stepney, níbi tí àwa Júù pọ̀ sí ju ẹyẹlé lọ.

Èmi ni Perel. Ilé ìránṣọ kan náà ni èmi àti Kalmen ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ń rán ihò bọ́tìnnì, òun ń lọ ṣòkòtò. Ooru áyọ́ọ̀nù ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá iná, ara rẹ̀ kò sì ju egungun lọ. Ẹ ò lè rí ẹni tó jẹ́ onísùúrù tó o. Bó bá fara kọlu àga, á ní kí àga má bínú. Bashe ìyàwó rẹ̀ a máa pariwo lé e lórí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, òun á kàn máa mi orí bíi pé orin ló ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó gun orí ìtàgé. A ní ẹgbẹ́ eléré kékeré kan nígbà náà, gbogbo wa tálákà, gbogbo wa alágídí. Inú ihò kan níwájú ìtàgé ni èmi máa ń jókòó sí pẹ̀lú ìwé eré lórí itan mi, kí n lè sọ ọ̀rọ̀ sétí òṣèré tó bá gbàgbé. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ni mo fi mọ àwọn èèyàn wa. Mo mọ ẹsẹ̀ onírọ́, mo mọ ẹsẹ̀ ojo, mo mọ ẹsẹ̀ ẹni tó ti mutí kó tó wọlé. Gbogbo wọn ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ fún rí, àfi Kalmen. Kalmen kò gbàgbé ọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀.

Leiser tó ń tún bàtà ṣe ló kọ eré ẹ̀fẹ̀ tó sọ Kalmen di olókìkí. Àwọn Ẹlẹ́wù Dúdú, ẹgbẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kórìíra Júù, ń yọ wá lẹ́nu lákòókò yẹn. Wọ́n á tò gba àdúgbò wa kọjá, wọ́n á máa kọrin pé àwọn á lé wa sínú òkun, wọ́n á fọ́ gíláàsì, wọ́n á na ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ òun nìkan. Leiser bá fi ọ̀gá wọn ṣe eré. Nínú eré náà, ọ̀gá yìí pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí kò bá lè fi hàn pé ìyá-ìyá òun kì í ṣe Júù gbọ́dọ̀ kúrò nílùú. Òun náà lọ wádìí tirẹ̀, àṣé ẹja oníyọ̀ ni ìyá-ìyá rẹ̀ ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sínágọ́gù! Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lé e, ó sá wá bá wa pé kí a fi òun pamọ́. Àwọn àgbà sínágọ́gù bá jókòó ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ní, "Ẹ gbà á. Kò sẹ́ni tó lè bú Júù báyìí bí kò ṣe Júù ẹgbẹ́ rẹ̀." Èkejì ní, "Ẹ má gbà á. Irú rẹ̀ ti pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ yìí." Ẹ̀kẹta ní kí ó lọ sí sínágọ́gù kejì, òun àtàwọn ará ibẹ̀ ló jọra.

Kalmen ló ṣe ọ̀gá náà. Ó wọ ẹ̀wù dúdú, ó fi okùn wúrà sí èjìká, ó sì rín ẹ̀rín tó jí gbé yẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnì kan ju àga lù ú. Ìyá arúgbó kan gun orí ìtàgé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi agboòrùn gbá a lójúgun.

"Ìwọ apààyàn! Ẹlẹ́dẹ̀ ni yóò jẹ òkú ẹ!"

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ni Kalmen wí, ó sì tẹrí ba fún un. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ bàtà rẹ̀. N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni eré náà kò pa lẹ́rìn-ín: Todres, ẹ̀gbọ́n Bashe. Ọjà ẹran ni Todres ti ń ru odindi màlúù léjìká, ọrùn rẹ̀ fẹ̀ bí ìtí igi. N kò sì dá a lẹ́bi. Àwọn Ẹlẹ́wù Dúdú ti mú bàbá tó bí òun àti Bashe mọ́ ògiri ní ọ̀sán gangan, wọ́n fi abẹ gé irùngbọ̀n bàbá náà, wọ́n sì gé ẹran ara mọ́ ọn. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá kò ti jáde nílé mọ́. Ìdí fèrèsé ló ń jókòó sí, á fi aṣọ bo àgbọ̀n rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sábáàtì kan, gbogbo wa jọ ń jẹun nílé Kalmen. Todres kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Kalmen, orí ẹ pé ṣá?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun ná."

"Àwọn tó gé ẹran lára bàbá mi, ẹ̀wù wọn lo wá gbé wọ̀? O wá ń fi ìyà wa ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Àwọn gan-an ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló sọ fún wọn? Ṣé wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ni?"

Leiser rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí Todres yí ojú sí i, ó gbé ẹ̀rín mì. Kalmen gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Lábẹ́ ibùsùn lọ́jọ́ tí wọ́n pa bàbá mi, àwọn ló ni ẹ̀rín yẹn. Lórí ìtàgé, èmi ni mo ni ín. Bí mo bá rín in, tí àwọn èèyàn wa sì rín tiwọn bò ó mọ́lẹ̀, mo máa ń rí oorun sùn, Ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn náà ni."

Todres dìde. Orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

"Ó dáa, gbọ́ tèmi. Bí mo bá fojú kan ẹ̀wù yẹn níta, orí tó bá wà lókè rẹ̀, màá fọ́ ọ. N kò ní béèrè orúkọ."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ọbẹ̀ ń tutù!" ni Bashe pariwo.

Púrímù dé. Ọjọ́ yẹn la máa ń ka ìwé Ẹ́sítérì nínú sínágọ́gù. Bí a bá ti dé orúkọ Hámánì, ìkà tó fẹ́ pa gbogbo Júù run, tọmọdé tàgbà á máa fẹsẹ̀ janlẹ̀, wọ́n á máa fi igi aláriwo tí ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ dá ilé rú, kí orúkọ náà lè rì sínú ariwo. Lẹ́yìn ìyẹn, ọtí yá. Àwọn bàbá wa ní kí ọkùnrin mu títí kò fi ní mọ "ègún ni fún Hámánì" yàtọ̀ sí "ìbùkún ni fún Módékáì" mọ́. Módékáì ni Júù tó gbà wá lọ́wọ́ Hámánì. Àwọn ọkùnrin òpópónà Pinder kì í sì í fi òfin yẹn ṣeré. Àwọn òfin yòókù ńkọ́? Ẹ má bi mí o.

Nítorí náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Todres àtàwọn ọkùnrin wà ní yàrá ìsàlẹ̀ sínágọ́gù ní ìpẹ̀kun òpópónà, wọ́n ń mutí bí ẹni ń tú omi sí yanrìn. Àwọn ọmọdé àtàwọn ìyá wọn wà lọ́dọ̀ wa nínú gbọ̀ngàn eré. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ṣeé gbà, torí àwọn tó ń tún ògiri kọ́ ti kó bíríkì dí ti ẹ̀yìn. Kalmen wà lórí ìtàgé nínú ẹ̀wù dúdú rẹ̀, àwọn ọmọ ń fi igi aláriwo ké lé e lórí, ó ń bú wọn, wọ́n ń bú u, ayé dùn.

Òkúta kan la gíláàsì kọjá. Àwọn ọmọ hó yèè! Wọ́n rò pé ara eré ni. Òkúta kejì wọlé, wọ́n tún hó. Ẹ̀kẹta kì í ṣe òkúta, ànàmọ́ tí wọ́n ki abẹ bọ̀ yíká ni. Ó bá ọmọbìnrin Leiser létí, ó sì gé etí náà sí méjì. Ọmọ náà fọwọ́ kan ibẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó figbe ta. Síbẹ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn ṣì ń fi igi aláriwo ké, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì máa ń bí mi nínú títí dòní.

Leiser ti ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn tì í. Àwọn Ẹlẹ́wù Dúdú ń fi ọ̀pá irin lù ú níta, pákó ń ya. "Ẹ jáde wá, ẹ̀yin eku! Ẹ jáde, tàbí kẹ́ ẹ jóná síbẹ̀!" Lẹ́yìn náà ni mo gbóòórùn kẹrosíìnì. Abẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n ń dà á gbà, ó ń ṣàn bọ̀ lórí pákó níwájú ihò mi.

Mo gbójú sókè. Ẹsẹ̀ Kalmen wà níwájú mi, ó ń gbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Perel," ló wí, "kí ni ọ̀rọ̀ tó kàn?"

Kalmen tí kì í gbàgbé. Mo wo ìwé, ojú mi ò ríran.

"Kò sí nínú ìwé, Kalmen."

"Ó dáa," ló wí. Ó dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó gba àárín àwọn ọmọ kọjá. Bashe di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Kalmen, níbo lò ń lọ?" Ó rọra bọ́ ìka rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó sọ fún Leiser pé, "Ṣí i. Bí mo bá ti fà wọ́n lọ, ẹ kó àwọn ọmọ jáde."

Mo sáré gun òkè, lọ sí yàrá tí a ń kó aṣọ eré sí, mo yọjú lójú fèrèsé. Ẹlẹ́wù Dúdú kan ti ṣáná. Kalmen gbá a lábàrá gbàù, ìṣáná fò lọ sínú gọ́tà.

"Ta ló rán yín wá síbí, ẹ̀yin ọ̀dẹ̀?" Gẹ̀ẹ́sì orí ìtàgé ló ń sọ, ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo. "Àwọn ọkùnrin Júù wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀yin wá ń bá ọmọ ọwọ́ jà?"

Ọ̀kan tó ga, tó fi irin bọ ìka, wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ta ni? A ò rí ẹ rí."

Kalmen gbé orí sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín. Ìsàlẹ̀ ikùn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì há sọ́fun. Ọkùnrin yẹn sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó mọ ẹ̀rín yẹn. Irú wọn ló ni ín.

"Ẹ tẹ̀ lé mi!" ni Kalmen wí, wọ́n sì tò tẹ̀ lé e bí àgùntàn. Agolo kẹrosíìnì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n gbé e sí. Bí wọ́n bá tún padà, wọn ò ní wá ohunkóhun tì.

Leiser bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ jáde. Èmi sọ̀ kalẹ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ kejì òpópónà, mo ń sáré. Ẹ̀rù ohun kan ló ń bà mí, ohun náà sì jáde sí gbangba níwájú mi: àwọn ọkùnrin wa ti gbọ́ ariwo. Wọ́n ń tú jáde látinú yàrá ìsàlẹ̀, ojú wọn pọ́n, wọ́n fọ́ àga, wọ́n mú ẹsẹ̀ àga lọ́wọ́. Todres ló ṣíwájú. Ẹni tó ṣíwájú àwọn Ẹlẹ́wù Dúdú ni Kalmen.

Mo rí i tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kan péré lédè wa ti tó kí Todres fi dá a mọ̀, àní orúkọ Bashe nìkan. Ṣùgbọ́n àwọn apààyàn yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n á gbọ́. Ó bojú wẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ṣì ń jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọn ò tíì dé ìdajì. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí i.

Todres fi ẹsẹ̀ àga lù ú lágbọ̀n. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Kalmen ṣubú, Todres tún là á mọ́ ọn lórí, àwọn yòókù sì bò wọ́n. Ìjà di rúdurùdu. Ọ̀pá irin kan ṣẹ́ apá ẹnì kan nínú wa. Ẹnì kan fi ìkọ́ ẹran ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́wù Dúdú gíga yẹn, eyín rẹ̀ hàn níta, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mú, ó sá lọ, àwọn tirẹ̀ náà bá fẹsẹ̀ fẹ. Ṣùgbọ́n Kalmen ṣì wà nílẹ̀, àwọn èèyàn wa sì ń fẹsẹ̀ jan án bí wọ́n ṣe ń janlẹ̀ nínú sínágọ́gù. "Hámánì!" Ẹsẹ̀. "Hámánì!" Ẹsẹ̀. Inú wọn ń dùn. Ọlọ́run gbọ́, inú wọn ń dùn.

Mo wó lé e lórí. Ẹnì kan ta mí nípàá ní ìhà. "Kalmen ni! Ẹ̀yin ọ̀mùtí, Kalmen ni!" Kò sẹ́ni tó gbọ́. Todres gbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di ẹ̀wù dúdú náà mú láyà, ó fẹ́ fà á dìde kó lè tún lù ú. Bọ́tìnnì já. Lábẹ́ ẹ̀wù náà, aṣọ funfun kékeré tí àwọn ọkùnrin wa ń wọ̀ mọ́ra yọ, pẹ̀lú wajawaja etí rẹ̀ tí Mósè pa láṣẹ. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ín.

Ọwọ́ Todres dúró lókè. Ó wo wajawaja náà. Ó wo ojú tó wà lókè rẹ̀, bó bá ṣe pé ojú lèèyàn lè pè é.

"Ọtí ni," ló wí. "Ọtí ni. N kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Perel, ọtí ni."

Ohun tó ń wí nìyẹn títí Bashe fi dé. Bashe kò sunkún. Ó gba ẹsẹ̀ àga lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó là á mọ́ ọn lójú tó fi fọ́ imú rẹ̀. Todres kò gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹsẹ̀ rẹ ò gbọdọ̀ kan ẹnu ọ̀nà mi mọ́ láé," ni Bashe wí.

Kalmen ò kú. Wọ́n fi wáyà di àgbọ̀n rẹ̀ nílé ìwòsàn, ọbẹ̀ olómi ló ń fà mu bí ọmọ ọwọ́. Kò sí ọmọ kan tó jóná ní gbọ̀ngàn wa. Nígbà tí wọ́n tú wáyà náà, ọ̀rọ̀ tó lè sọ kò tó nǹkan, ẹnu rẹ̀ kò sì yà tó láti rín ẹ̀rín yẹn mọ́. Ó padà sídìí áyọ́ọ̀nù. Bó bá fara kọlu àga, ó ṣì ń mi orí sí i.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni Todres ń gbé ẹran sẹ́nu ọ̀nà wọn kí Sábáàtì tó wọlé, ẹran tó dáa jù lọ́jà. Á gbé e kalẹ̀, á sì lọ dúró ní òdì kejì òpópónà. Bashe á jáde, á jù ú fún ológbò lójú rẹ̀. Kò sí ológbò tó sanra bíi tiwa ní gbogbo Stepney. Todres kò fi ẹnu kan ọtí mọ́, kò sì bá ẹnikẹ́ni jẹun. Ọkùnrin tó ń ru màlúù wá ń rìn bí ẹni tí màlúù ń gùn. Inú mi kọ́kọ́ dùn sí i, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Nígbà tó yá, kò dùn mọ́. Kalmen ní tirẹ̀ á dúró lójú fèrèsé, á máa wo ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Púrímù mìíràn dé. Èmi àti Bashe jókòó lókè sínágọ́gù láàárín àwọn obìnrin, a ń wo ìsàlẹ̀. Todres wọlé kẹ́yìn, ó fara ti ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí ìwé kíkà ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Kalmen dìde níbi ìjókòó rẹ̀. Ó rìn lọ, ó lọ dúró ti Todres. Gbogbo sínágọ́gù yíjú sí wọn. Bashe di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Wọ́n kà á dé ibi tí orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde. Hámánì! Ilé mì tìtì, igi aláriwo ń ké. Kalmen janlẹ̀. Todres kò gbé ẹsẹ̀. Ó ń wo bàtà ara rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀ sórí bàtà náà. Orúkọ náà tún jáde, àwa yòókù tún janlẹ̀, Todres ṣì dúró bí òpó.

Nígbà kẹta, Kalmen yí padà sí i. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè dé orúnkún, tòun ti bàtà onírin tí Leiser kàn fún un, ó sì fi gbogbo agbára egungun ara rẹ̀ jan ọmọ ìka ẹsẹ̀ Todres. Òkè ni mo wà, mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Todres ké bíi màlúù, ó sì wó lulẹ̀. Ariwo igi aláriwo dá wáí.

Kalmen bẹ̀rẹ̀ tì í. Ọ̀rọ̀ náà ń jáde díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu wíwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, gbogbo wa gbọ́ ọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ọtí ni. N kò mọ Hámánì yàtọ̀ sí Módékáì."

Bẹ́ẹ̀ kò tíì fẹnu kan ọtí láti àná.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Leiser ni, ta tún ni? Lẹ́yìn náà gbogbo ilé gbà á, Rábì pàápàá fi ìwé bojú. Todres ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó di ọrùn Kalmen mú bí ẹni tó ń rì. Kò lè rìn. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé e, ilé tó sì sún mọ́ jù ni ilé Bashe. Wọ́n dúró síwájú ilẹ̀kùn, wọ́n ń wo ojú rẹ̀.

Bashe wo ẹsẹ̀ tó wú náà. Ó wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Ẹ gbé e ga dáadáa," ló wí. "Kí ẹsẹ̀ ẹ̀ má kan ẹnu ọ̀nà mi."

Wọ́n gbé e ga, wọ́n gbé e kọjá, Bashe sì lọ bu ọbẹ̀ fún un.